Ẹ̀yìn Rẹ̀ Là Ń Rí: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tí Àárò Ìgbà Àtijọ́ Ń Sọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. Ẹ kú ìfarabalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, wọ́n fún mi láàyè kí n mú ohun tó bá wà lọ́kàn mi wá. Ohun tó wà lọ́kàn mi láti nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn náà ni mo gbé wá. Ọ̀rọ̀ àárò ni. Báwo ni èèyàn ṣe lè bá Ọlọ́run pàdé lónìí, nígbà tó jẹ́ pé àná ni ọkàn rẹ̀ ṣì ń gbé?

Inú èdè wa ni mo fẹ́ gbà wọlé. Lóòótọ́ a máa ń sọ pé "mo ṣàárò rẹ", pàápàá bí a bá ń kí ara wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá le, tó wọ egungun, ohun tó ń jáde lẹ́nu wa ni pé "àárò rẹ ń sọ mí". Ẹ wo bí gbólóhùn yẹn ṣe dúró. Àárò ló ń ṣe iṣẹ́, èmi ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí òtútù ṣe ń mú èèyàn, bí ebi ṣe ń pa á, bẹ́ẹ̀ ni àárò ṣe ń sọ ọ́. O lè wà nídìí iṣẹ́ rẹ jẹ́jẹ́, kí orin kan ta sí ọ létí, kí òórùn kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá, àárò ti dé nìyẹn, kò kan ilẹ̀kùn. Ìwọ kọ́ lo pè é. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní dúró níbí kí n bá ẹnikẹ́ni wí pé àárò ń sọ ọ́. Ẹni tí òtútù ń mú, aṣọ là ń wá fún un.

Mo ń sọ èyí nítorí pé mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń wàásù lòdì sí ìrántí. Wọn á ní kí a gbàgbé ohun tó ti kọjá, kí a má wẹ̀yìn bí aya Lọ́ọ̀tì, pé ẹni tó bá ń sunkún àtijọ́ kò nígbàgbọ́. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un nínú Bíbélì, mo sì mọ̀ pé ire wa ni wọ́n ń wá. Àmọ́ ó máa ń dùn mí, torí mo ti rí ẹni tó gbọ́ irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ tó lọ sílé lọ ń fi ẹkún pamọ́ fún Ọlọ́run, bí ẹni pé Ọlọ́run gan-an ni kò gbọdọ̀ rí i.

Ní ọdún 1688, ní ìlú Basel ní Swítsàlandì, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó ń jẹ́ Johannes Hofer kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí àìsàn kan tó ń ṣe àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi. Oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ, oorun ò kùn wọ́n, agbára wọn ń tán. Ọkàn wọn ò kúrò nílé. Hofer mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, èyí tó jẹ́ pípadà sílé àti èyí tó jẹ́ ìrora, ó so wọ́n pọ̀, ó fi sọ àìsàn náà lórúkọ: nostalgia. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn rẹ̀ tí àwọn dókítà fi ń kà á mọ́ àìsàn. Mo gba ìdajì orúkọ tí Hofer sọ ọ́ láìjanpata: ìrora náà wà. Ilé tí a fẹ́ padà sí yẹn ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ó di ọdún mẹ́ta tí màmá mi ti lọ. Awò ojú wọn wà lọ́wọ́ mi, nínú àpótí kékeré kan. Apá rẹ̀ kan ti kán nígbà ayé wọn. Òwú dúdú ni wọ́n fi dì í, wọ́n wé e lẹ́ẹ̀mẹfà tàbí lẹ́ẹ̀méje, wọ́n sì ta á ní kókó tó ti le bí hóró iyanrìn. Lára dígí apá òsì, àmì àtàńpàkò wà níbẹ̀. Bí mo bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, mo máa ń rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó yí po nínú ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fọwọ́ kàn láti tì í sókè kí wọ́n tó ṣí Bíbélì. Láti ọdún mẹ́ta yìí, mi ò tíì nù ún.

Nínú gbogbo ohun tí mo fi ń rántí wọn, àdúrà òwúrọ̀ ló ń pa mí lẹ́kún jù. Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Iná kékeré kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Màmá mi á ti awò ojú sókè, wọ́n á ka Sáàmù, ohùn wọn á lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ẹni tó wà nítòsí sọ̀rọ̀. Ọlọ́run wà nínú yàrá yẹn. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo máa ń kúnlẹ̀ nínú yàrá tèmi, n óò ka Sáàmù kan náà, kò ní sí nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ á jáde lẹ́nu mi, á bọ́ sílẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé Ọlọ́run ti bá wọn lọ, pé àlejò wọn ni Í ṣe tẹ́lẹ̀, kò mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀.

Bí mo ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí n tó rántí ohun kan tí mo ti gbàgbé pátápátá. Mo máa ń sùn nínú àdúrà yẹn ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Màmá mi á dánu dúró láàárín ẹsẹ kan, wọ́n á ní, "Ṣé o ti sùn ni?" Èmi á dáhùn láìlajú pé, "Rárá mà, mi ò sùn." Ilẹ̀ tutù lábẹ́ eékún mi. Ibùsùn ni mò ń rò. Bí mo bá tiẹ̀ gbàdúrà kankan láàárọ̀ wọ̀nyẹn, pé kí àdúrà tètè parí ni. Nínú yàrá tí mo fọwọ́ sọ̀yà lónìí pé Ọlọ́run kún inú rẹ̀ yìí, èmi tí mo wà níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n lára rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká dúró lórí èyí, torí òun ló gbé mi wá síwájú yín. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí oorun yẹn? Ta ló gé e kúrò?

Ìrántí ló gé e. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ní Númérì orí 11, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sunkún ní aginjù. Wọ́n ní àwọn rántí ẹja tí àwọn ń jẹ ní Íjíbítì lọ́fẹ̀ẹ́, àti apálà, àti bàrà, àti àlùbọ́sà. Kò sígbà tí mo ka ẹsẹ yẹn tí ọ̀rọ̀ kan kì í dá mi dúró: lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹrú ni wọ́n o! Wọ́n ń po amọ̀, wọ́n ń mọ bíríkì, àwọn akóniṣiṣẹ́ dúró lé wọn lórí, ọba ti pàṣẹ pé kí wọ́n máa ju ọmọkùnrin wọn jòjòló sódò. Ohun tí wọ́n fi sanwó ẹja nìyẹn. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n tíì lò nínú òmìnira, ìrántí ti kó pàṣán àti amọ̀ kúrò nílẹ̀, ó ku ẹja.

Wọn ò purọ́. Ẹja wà lóòótọ́, ó sì ṣeé ṣe kó dùn. Bí ìrántí ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń yan ohun tó máa fi hàn wá, a sì ń fi ohun tó yàn wé odindi ọjọ́ òní, tòun ti oorun rẹ̀, tòun ti ẹ̀yìn ríro rẹ̀, tòun ti gbèsè rẹ̀. Òní kò lè jàre nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láé. Mo rò pé ìdí nìyí tí ìwé Oníwàásù orí keje fi sọ pé kí a má béèrè ohun tó mú kí ọjọ́ ìṣáájú sàn ju ìwọ̀nyí lọ, pé a kò fi ọgbọ́n béèrè. Kò ní kí a má rántí. Ìbéèrè yẹn ló ní kò bọ́gbọ́n mu, torí a ti dá ẹjọ́ náà ká tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Aginjù kan náà yìí ni mánà ti ń bọ́. Gbogbo wa la mọ̀ pé èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ di ọjọ́ kejì á yọ ìdin, á máa rùn, àyàfi ti ọjọ́ ìsinmi. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nísàlẹ̀ orí kan náà, Ẹ́kísódù 16. Ọlọ́run ní kí wọ́n wọn òṣùwọ̀n ómérì kan sínú ìkòkò, kí wọ́n gbé e síwájú Rẹ̀, kí àwọn ìran tó ń bọ̀ lè rí oúnjẹ tó fi bọ́ wọn. Ìyẹn kò bàjẹ́. Mánà kan náà ni. Èyí tí wọ́n tọ́jú láti jẹ lọ́la ló rùn. Èyí tí wọ́n gbé síwájú Ọlọ́run kí ọmọ lè rí i kò rùn. Bí mo bá ṣí àpótí awò ojú màmá mi, ìkòkò yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Mi ò lè jẹ àdúrà òwúrọ̀ ìgbà yẹn yó lónìí. Mo lè gbé e síwájú Ọlọ́run.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Ìrántí tìẹ gé nǹkan kúrò. Tèmi ò gé nǹkan kan. Ayé mi dára tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ó sì ti bàjẹ́ báyìí." Mo gbà. Irú ẹ bẹ́ẹ̀ wà níbí, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹja Íjíbítì kò kàn yín. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà kan.

Ní ọdún 586 ṣáájú ìbí Kristi ni àwọn ọmọ ogun Bábílónì dáná sun tẹ́ńpìlì tí Sólómọ́nì kọ́ sí Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí Kírúsì ọba Páṣíà jẹ́ kí àwọn Júù máa padà bọ̀ nílé, ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Àwọn tó padà kó òkúta jọ, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé tuntun lélẹ̀, àwọn àlùfáà fun fèrè, àwọn ọmọ Léfì lu aro, ariwo ayọ̀ sọ. Ẹ́sírà orí kẹta ní àwọn àgbà tó ti fojú rí ilé àkọ́kọ́ bú sẹ́kún kíkankíkan. Ẹ fojú inú wo ọ̀kan nínú wọn. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ilé yẹn jó, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ó ti rí wúrà tó wà lára ògiri yẹn. Ó ti gbọ́ bí orin ṣe ń dún nínú rẹ̀. Ó wá dúró síwájú òkúta yìí, ó sì mọ̀, láìsí àbùmọ́ kankan, pé èyí ò tó ìyẹn.

Bíbélì ní ẹkún àti ìhó ayọ̀ dàpọ̀ débi pé èèyàn kò lè fìyàtọ̀ sí wọn, wọ́n sì ń gbọ́ ọ lókèèrè. Kò sí ẹsẹ kan tí wọ́n ti ní kí àwọn àgbà yẹn dákẹ́. Mo wá a. Wọn ò kó wọn jáde kí ayẹyẹ má bàa bàjẹ́. Ohùn méjèèjì ló gòkè lọ pọ̀.

Iṣẹ́ náà dúró fún ọdún bíi mẹ́rìndínlógún. Nígbà tó fi máa di ọdún 520, wòlíì Hágáì dé, ó sì tọ ọgbẹ́ náà ní tààràtà. Ó béèrè ẹni tó ṣẹ́ kù nínú wọn tó rí ilé yìí nínú ògo rẹ̀ àkọ́kọ́, pé báwo ni wọ́n ṣe rí i nísinsìnyí, ṣé kò dà bí asán lójú wọn? Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Kò ní kí wọ́n má fi wé ara wọn, kò ní kí wọ́n wo apá tó dára. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni pé kí wọ́n mú ọkàn le, kí wọ́n ṣiṣẹ́, "nítorí mo wà pẹ̀lú yín." Ilé náà kéré. Mo wà pẹ̀lú yín. Òótọ́ méjèèjì dúró sójú kan, èkíní kò lé èkejì jáde.

Wọ́n parí ilé yẹn ní nǹkan bí ọdún 515. Nígbà tó yá, Hẹ́rọ́dù tún un kọ́, ó fẹ̀ ẹ́ lójú. Orí ilẹ̀ yẹn kan náà, níbi tí àwọn àgbà ti sunkún, ni tọkọtaya kan gbé ọmọ tuntun wá lẹ́yìn ọdún tó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tí Síméónì arúgbó sì gbà á mọ́ra, tó ní ojú òun ti rí ìgbàlà. Nínú gbogbo wúrà Sólómọ́nì, èyí ò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó sunkún lọ́jọ́ ìpìlẹ̀ ti kú tipẹ́. Kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ ẹni tí yóò gba ibi òkúta tí àwọn ń wò tí omi ń dà lójú àwọn yẹn kọjá.

Mo fẹ́ tètè mẹ́nu ba Ìsíkíẹ́lì, torí tirẹ̀ ń fi ọkàn mi balẹ̀. Ọmọ àlùfáà ni. Wọ́n kó o nígbèkùn lọ sí Bábílónì. Ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ọdún ọgbọ̀n", ọ̀pọ̀ olùkọ́ Bíbélì sì gbà pé ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Ọgbọ̀n ọdún ni Númérì orí kẹrin sọ pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àgọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún tó yẹ kó wọ ẹ̀wù àlùfáà gan-an ló bá ara rẹ̀ ní etí odò Kébárì láàárín àwọn ìgbèkùn, ní ọdún 593 ṣáájú ìbí Kristi. Etí odò yẹn ni ọ̀run ti ṣí. Ògo tó rò pé inú ilé kan ṣoṣo ló ń gbé wá bá a lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ wò ó, ìtẹ́ tó ní kẹ̀kẹ́!

Ó wá ku ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn jù. Bí Ọlọ́run bá wà níbí lóòótọ́, kí ló dé tí mi ò mọ̀ ọ́n lára? Kí ló dé tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àná nìkan ni mo ti ń rí I?

Jákọ́bù jí lójú oorun, ó ní, "Lóòótọ́ Olúwa ń bẹ níhìn-ín, èmi kò sì mọ̀." Àwọn méjì tó ń lọ sí Ẹ́máúsì rin ọ̀nà jíjìn, nǹkan bí kìlómítà mọ́kànlá, Jésù sì ń bá wọn sọ̀rọ̀, ìgbà tó ti kúrò lójú wọn tán ni wọ́n tó wí fún ara wọn pé ọkàn wa kò ha ń gbiná nínú wa nígbà tó ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ́nà? Wọ́n rántí iná náà. Nígbà tó ń jó, àárẹ̀ àti ìbànújẹ́ ni wọ́n rò pé ó jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Mósè ni ìdáhùn ti yé mi. Ní Ẹ́kísódù 33, ó bẹ Ọlọ́run pé kó fi ògo Rẹ̀ han òun. Ọlọ́run dá a lóhùn pé, "Èmi yóò fi ọ́ sínú pàlàpálá àpáta, èmi yóò sì fi ọwọ́ mi bò ọ́ títí èmi yóò fi rékọjá. Nígbà tí èmi yóò mú ọwọ́ mi kúrò, ìwọ yóò sì rí ẹ̀yìn mi, ṣùgbọ́n ojú mi ni a kì í rí."

Ẹ fi ara yín sí ipò rẹ̀. Ọkùnrin kan há sínú àpáta. Òkúta tó le, tó tutù, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tọrọ ògo, iwájú rẹ̀ ṣú dùdù. Bí a bá bi í ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an pé, "Mósè, kí lo ń rí?", kí ni ì bá sọ? Á ní òun ò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú yẹn ni Ọlọ́run ń kọjá. Kò jìnnà sí i ju ìbú ọwọ́ lọ. Ohun tó sọ ibẹ̀ di òkùnkùn ni ọwọ́ Rẹ̀ tó fi bò ó. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ padà, Ó ti kọjá, ẹ̀yìn ló rí.

Òye tí mo rí gbà níbẹ̀ nìyí, bí ẹnì kan bá sì rí i lọ́nà mìíràn, mi ò ní bá a jà. Ẹ̀yìn Ọlọ́run là ń rí. Ìdí nìyẹn tí àná fi kún fún Un lójú wa: Ó ti kọjá níbẹ̀, ọwọ́ ti kúrò, a wá rí ibi tó gbà. Òní ṣókùnkùn nítorí pé ibẹ̀ ló wà báyìí. Àdúrà tí mò ń gbà tí kò sí nǹkan kan yẹn, mo ti kà á sí pé yàrá ṣófo. Kò sígbà kan tó wá sí mi lọ́kàn pé ọwọ́ ẹnì kan ló lè wà lójú mi.

Mo ní láti ṣọ́ra sọ èyí. Àwọn kan wà tí àná wọn burú, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá bojú wẹ̀yìn, ìwà ibi tí èèyàn hù sí wọn ni wọ́n ń rí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ọwọ́ tó lù yín. Ọwọ́ tí mò ń sọ yìí, ó bo Mósè kí ó má bàa kú ni. Bó bá sì jẹ́ pé àárò tó ń sọ ọ́ ti gba oúnjẹ àti oorun lọ́wọ́ rẹ fún oṣù pípẹ́, tí ikú ń wù ọ́, jọ̀wọ́ lọ rí dókítà, kí o sì sọ fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Ìyẹn náà wà lára wíwá Ọlọ́run lónìí.

Ohun tó wá kù ni bí a ṣe ń gbé e. A ò ní láti dúró fún ọgbọ̀n ọdún kí a tó rí ẹ̀yìn Rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ tó. Òní náà yóò di àná kí ilẹ̀ tó ṣú, yóò ní ẹ̀yìn tiẹ̀. Ignatius ti Loyola, àlùfáà Kátólíìkì kan tó kú ní ọdún 1556, kọ́ àwọn tó ń tẹ̀ lé e láti máa jókòó lójoojúmọ́, kí wọ́n bá Ọlọ́run yẹ ọjọ́ wọn wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo jókòó sórí ibùsùn, mo bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀, wákàtí kan tẹ̀ lé òmíràn: mo jí, mo wẹ̀, mo lọ síbi iṣẹ́. Mi ò rí nǹkan kan. Mo fẹ́ dìde. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ní ọ̀sán, bí mo ṣe jókòó tí mo tẹjú mọ́ ìwé tí mi ò kà, obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gba ẹ̀yìn àga mi kọjá, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Kò sọ̀rọ̀, kò dúró. Ọwọ́ náà gbóná, ó sì wúwo díẹ̀. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, ó ti ń lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Odindi ọ̀sán ni mo ti gbàgbé rẹ̀. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹkún náà kò sì korò bí ti tẹ́lẹ̀.

Àárò màmá mi ṣì ń sọ mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo dúró síbí bí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá. Ohun tó yí padà ni pé bó bá dé báyìí, mo máa ń sọ fún Ọlọ́run lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ní gbangba: "Àárò wọn ń sọ mí o. Ìwọ náà wà níbẹ̀ láàárọ̀ wọ̀nyẹn. Ìwọ lo mọ ohùn wọn jù mí lọ." Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló kù nínú àwa tí a jọ wà nínú yàrá yẹn.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti ọmọbìnrin mi kúnlẹ̀ fún àdúrà òwúrọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Mò ń ka Sáàmù 63, mo wá rí i pé apá mi ọ̀tún ń wúwo sí i. Ó ti fara tì mí. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, itọ́ ti ta sí apá aṣọ mi, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọ̀rọ̀ kan bọ́ lẹ́nu mi láìrò ó tẹ́lẹ̀.

"Ṣé o ti sùn ni?"

"Rárá mà," ó ní, kò lajú. "Mi ò sùn."

Mi ò lè ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e. Mo wo iná kékeré tó wà níwájú wa, mo wo orí rẹ̀ tó gbé lé mi lápá, ó wá yé mi ibi tí mo wà. Mo wà nínú "ìgbà yẹn". Ìgbà yẹn ti ọmọ mi ni, èyí tí àárò rẹ̀ yóò máa sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, tí yóò fọwọ́ sọ̀yà pé Ọlọ́run wà níbẹ̀. Ní tèmi, ojú mi ò rí nǹkan kan nínú yàrá náà.

Mi ò jí i. Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀ kí ó má bàa ta jí, mo sì ka Sáàmù náà dé òpin. Apá mi ti kú tipiri. Ilẹ̀ tutù lábẹ́ eékún mi.